Ọdún Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Bẹ Àwọn Èèyàn Pé Kí Wọ́n Fọwọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá nílé mi ní Ọyẹ́ ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí yọ lẹ́nu mi. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wá jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án Sátidé kan. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ká yan ẹ̀ka tí a ó lọ. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń sáré lọ. Ṣé kí n lọ ṣe ìlera àwùjọ bíi tiyín?" Mo ní kó kọ́kọ́ bu omi wá fún mi ná. Kì í ṣe ìbéèrè tí èèyàn ń fi ọ̀fun gbígbẹ dáhùn. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ sílẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò ní ìtàn nínú. Kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè Ìkọ̀lé. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Kò pa mí, kò sì jẹ́ kí n sanra.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ni ìtàn. Mátíròn ni, ṣùgbọ́n Màmá Fọwọ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Obìnrin tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí sítáàṣì ti mú aṣọ funfun rẹ̀ le débi pé tó bá fẹ́ jókòó, ẹni tó wà ní yàrá kejì á gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kun èékánná, mo wọ bàtà gogoro. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Bọ́sẹ̀ ni, mà."

"Bọ́sẹ̀, lọ fọwọ́."

Mo fọwọ́, mo padà wá. Ó gbé ọwọ́ mi sókè bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja, ó yẹ abẹ́ èékánná mi wò, ó ní, "Padà lọ." Báyìí la ṣe é títí aago méjìlá fi lù. N kò fọwọ́ kan aláìsàn kankan lọ́jọ́ náà. Ọṣẹ nìkan ni mo fọwọ́ kàn. Nígbà tí mo délé, mo sunkún, mo ní n kò lọ mọ́. Bàbá mi ní, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo dá a lóhùn pé èmi kò tíì rí oyin, àáké nìkan ni mo rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ, mo ti gé èékánná mi.

Mátíròn ló kọ́ wa pé tí a bá ń fọwọ́, ká ka Àdúrà Olúwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé Àmín kí a tó fi omi ṣan ọṣẹ kúrò. Ráfíù, ẹlẹgbẹ́ mi tó ń tọ́jú káàdì, Mùsùlùmí ni, ó ní Fátíhà ni òun á máa kà. Mátíròn gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹnu Ráfíù yá jù. Kí ọṣẹ tó hó, ó ti ṣe Àmín. Lọ́jọ́ kan Mátíròn, tí wọ́n bí sínú ìjọ Áńgílíkà, tó sì dàgbà síbẹ̀, dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà. Ó ní, "Ráfíù, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni mò ń gbé. Mo mọ bí lèmọ́mù yín ṣe ń kà á. Kì í sáré báyìí. Tún un kà." Láti ọjọ́ náà lọ, Ráfíù ń kéwú nídìí bàsíà bí ẹni tó wà ní Mẹ́kà.

Ẹ̀kọ́ kejì, ojú ọ̀nà ni mo ti kọ́ ọ. A máa ń fẹsẹ̀ rìn dé àwọn abúlé tí okadà kò dé, èmi ni mo sì máa ń ru kúlà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú yìnyín rẹ̀. Bí a bá ti wọ agboolé, mo fẹ́ máa sọ̀rọ̀ àìsàn lójú ẹsẹ̀ kí n lè sọ ẹrù kalẹ̀. Mátíròn á fojú bá mi wí. Ó ní, "Ṣé o ti béèrè iṣu wọn? Ṣé o mọ̀ bóyá ọmọ wọn tó lọ sílé ọkọ ní Ààyè ti bímọ? Ẹni tí kò kí onílé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní wọlé." A ó kí iṣu, a ó kí ewúrẹ́, a ó kí ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá àgbà. Ìgbà tí a bá fi dé orí abẹ́rẹ́, yìnyín ti ń yọ́ sí mi lọ́rùn.

Ẹ̀kọ́ kẹta, mo kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni, kò yé mi. Ó ní, "Aláìsàn kò ní dà ọ́ láàmú. Òun fúnra rẹ̀ á sọ ohun tó ń ṣe é fún ọ, á tún sọ ti àna rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni kí o lọ jókòó tì. Bi í pé kí ló ṣe tí àìsàn fi fo ilé rẹ̀ dá."

Sòbìà ṣì wà láwọn abúlé kan nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n: aràn gígùn tó máa ń yọ jáde lẹ́sẹ̀ èèyàn bí òwú, tó jẹ́ pé inú omi odò la ti ń gbé e mì. Wọ́n kó asẹ́ omi wá fún wa pín, aṣọ funfun kan tó fẹ́lẹ́, tó ń dán, tí wọ́n á fi bo ẹnu ìkòkò kí wọ́n tó da omi sí i. A pín in ní abúlé kan, wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, wọ́n súre fún wa. Inú Mátíròn dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní ká lọ bá wọn jọ́sìn ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Àkókò tó, ẹgbẹ́ akọrin jó wọlé. Mẹ́fà nínú àwọn obìnrin wọn ló fi asẹ́ omi wa wé gèlè. Ó dán, ó sì yẹ wọ́n, n kò ní purọ́.

N kò lè wo ojú Mátíròn. Nígbà tí wọ́n ní kí àlejò dìde kí ìjọ, ó dìde, aṣọ rẹ̀ ké gbà. Ó ní, "Ẹ kú orin, ẹ kú ìmúra. Gèlè yín wù mí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé sòbìà kì í gba orí wọlé." Ìjọ rẹ́rìn-ín títí tí àlùfáà fi ní ká kọ orin mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kejì, èmi àti Ráfíù jókòó, a rán rọ́bà sí etí asẹ́ tó kù kó má baà ṣeé wé mọ́. Nígbà tí a padà débẹ̀, a rí ọmọ ọwọ́ méjì tí wọ́n dé e bí fìlà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fi èmi náà ṣe olórí ilé ìwòsàn oníyàrá méjì ní abúlé kan tó wà lẹ́yìn Ìtapàjí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ṣì ń rìn kiri. Ẹni tó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀ níbẹ̀ ni Baba Alága, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìlera abúlé. Kànga kan ṣoṣo tó ní ìdérí níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ó fi símẹ́ǹtì yí ẹnu rẹ̀ ká, ó ní kọ́kọ́rọ́ tó fi ń tì í, ó sì ń jẹ́ kí ìlú pọnmi níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Orí mi wú. Mo lọ ra ọ̀dà, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀: OMI TÓ DÁRA NÌYÍ. Bí àlejò bá ti ọ́fíìsì wá, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ mú wọn lọ. Ọ̀dà yẹn ló padà dójú tì mí.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, nígbà tí òjò ń rọ̀ láìdá, wọ́n gbé àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Adéoyè wá lórí okadà, láàárín èèyàn méjì. Ó ti yàgbẹ́ gbuuru, ó ti bì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Kò lò ju wákàtí méjì lọ tó fi kú. Mo ti ń bá yín ṣàwàdà bọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ṣàwàdà níbí. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, iṣu rẹ̀ ṣì wà nínú ebè. Àrùn onígbáméjì ni.

Lọ́jọ́ kejì, orí bẹ́ǹṣì kún, orí ẹní kún, a bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀ka máńgòrò ni mo so díríìpù kọ́. Ẹni tó bá lè gbé nǹkan mì, mo ń fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ife kan lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n tètè wá.

Kí wọ́n tó dé, ìlú ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tiwọn. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ní oúnjẹ ìsọmọlórúkọ tí wọ́n jẹ nílé Mùsùlùmí kan ló fà á. Àwọn Mùsùlùmí ní ẹ̀wà tí wọ́n sè níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo wo orúkọ àwọn aláìsàn inú ìwé mi, mo rí i pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn kò jẹ ìkankan nínú méjèèjì. Nígbà tí ọ̀ràn kò yanjú báyìí, ẹnìkan dìde níbi ìpàdé, ó ní, "Èèyàn mọ́kànlá ló wà nílé Ìyá Sálámọ̀. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ta ló yàgbẹ́ nínú wọn?"

Opó arúgbó ni Ìyá Sálámọ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àdá lọ. Kò sí ẹni tí kò tíì bá jà rí lábúlé náà. Wọ́n ní àkùkọ àlùfáà pàápàá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn tó bá fẹ́ kọjá nílé rẹ̀. Àṣé òun ló ń pa ìlú jẹ, ni wọ́n wí. Baba Alága kọ̀wé sí i pé kó kẹ́rù kúrò lábúlé, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún un.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Mátíròn tí mo kọ sínú ìwé tó yé mi. Mo lọ bá arúgbó náà níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Màmá, ẹ kú uṣẹ́."

"Ṣé ìwọ náà wá lé mi ni?"

"Rárá o. Ìbéèrè ni mo bá wá. Kí lẹ̀ ń jẹ nílé yìí?"

"Ohun tí gbogbo ayé ń jẹ. Iṣu. Ẹ̀gẹ́. Ẹ̀fọ́ tí mo bá já."

"Omi ńkọ́?"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "O ń bi mí bóyá mò ń mu omi ọkùnrin yẹn? Ọdún kẹta rèé tó ní ewúrẹ́ mi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun. Mo wí fún un lójú gbogbo èèyàn pé omi rẹ̀ kò ní kan ẹnu ará ulé mi títí tí n ó fi kú. Ìsun tó wà lẹ́yìn òkè la ti ń pọn. Ó jìn, orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kì í jẹ ọ̀rọ̀ mi."

Mo jókòó sórí èèpo ẹ̀gẹ́.

Mo padà sí ilé ìwòsàn, mo ya abúlé náà sínú ìwé, ilé kọ̀ọ̀kan àti ọ̀nà omi rẹ̀. Ibi tí mo kọ ọ̀dà sí ni gbogbo ọ̀nà àìsàn náà já sí. Àdúgbò kan wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ pé odò ni wọ́n ń mu. Ẹnìkan ṣoṣo ló ṣàìsàn níbẹ̀, ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, mo bá rọra yí lọ sẹ́yìn ọgbà Baba Alága. Mo rí ṣáláńgá tuntun kan tó gbẹ́ fún àwọn ayálégbé rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó ga ju ti kànga lọ. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ mọ́kànlá péré. Nígbà tí mo kọ ọ̀dà, ṣáláńgá yìí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, n kò padà lọ wo ẹ̀yìn ilé rí. Ìdérí ni mo ń wò.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ti kànga yìí pa ná."

"Èyí tí o fọwọ́ ara rẹ kọ̀wé sí?"

"Òun náà ni, sà."

"Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ní ká máa bo kànga, mo bò ó. Ẹ ní ká máa tì í, mò ń tì í. Ibo ni àìsàn gbà wọ ibẹ̀? Ṣé ó ní kọ́kọ́rọ́ ni?"

"Kò gba òkè, sà. Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà."

"Nọ́ọ̀sì, lọ sinmi. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ dé pẹ̀lú oògùn, Mátíròn sì wà nínú wọn. Oṣù díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìn tì. Okadà ló gbé e gba inú ẹrẹ̀ wá, ó fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, ó ṣí agboòrùn, kò sì sí àbààwọ́n kankan lára aṣọ rẹ̀. Títí dòní n kò mọ bó ṣe ṣe é. Kó tó kí mi, ó ní, "Ọwọ́ rẹ ńkọ́?" Mo nawọ́ sí i, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un, mo mú un lọ síbi kànga, mo fi ìwé tí mo fi ọ̀dà kọ hàn án. Ó wò ó títí.

Ó ní, "Lẹ́tà rẹ ti gún régé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé fíríìjì yín ṣì ń lo kẹrosíìnì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ bá Baba Alága. Ó kí i, ó kí iṣu rẹ̀, ó béèrè àwọn ọmọ tó kọ́ nílé ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ara bàbá sì rọ̀. Ìgbà yẹn ló tó wí pé, "Bàbá, nọ́ọ̀sì yìí ti ba orúkọ kànga yín jẹ́, a sì fẹ́ tún un ṣe. A ó da kẹrosíìnì sínú ṣáláńgá yẹn. Bí kò bá sí ọ̀nà láàárín òun àti kànga, omi yín kò ní rùn, èmi fúnra mi á sì bẹ̀ yín lójú ìlú. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní a da nǹkan sí i, ẹ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Bí Mátíròn ṣe ti kànga náà pa nìyẹn láìjẹ́ pé ó bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo fi òtítọ́ gbígbóná bá a sọ̀rọ̀, oorun ni wọ́n ní kí n lọ sùn.

A da kẹrosíìnì fíríìjì wa sínú ṣáláńgá náà, òjò sì rọ̀ gan-an. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, tó jẹ́ ọjọ́ tó yẹ kí Ìyá Sálámọ̀ kúrò nílùú, gbogbo abúlé pé sídìí kànga. Arúgbó náà jókòó sórí ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Baba Alága ṣí ìdérí, ó fa omi, ó gbé korobá sókè, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọ̀fìnkìn ń ṣe mí," ló wí, ó bá gbé korobá fún pásítọ̀.

Pásítọ̀ gbóòórùn rẹ̀, ó di ojú méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, ó gbé e fún lèmọ́mù. Lèmọ́mù fi imú kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sí ọkùnrin kan tó ń fa sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọra wí fún un pé, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀wọ́ pa iná yẹn ná."

Ẹ̀rín gba gbogbo ibẹ̀. Àmọ́ èmi kò lè rín in. Mo bọ́ sáàárín, mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi yìí dára. N kò padà wá wò ó. Ẹ forí jì mí." Baba Alága ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, "Adéoyè mu omi níbí láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Èmi ni mo bá a fà á." Ó rìn lọ sẹ́yìn, níbi tí Ìyá Sálámọ̀ jókòó sí, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀, tàgbàtàgbà.

Ìyá Sálámọ̀ wò ó. Ó ní, "Dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, a kò tíì parí rẹ̀."

Lẹ́yìn Adéoyè, a kò sin ẹnikẹ́ni mọ́. Baba Alága fọwọ́ ara rẹ̀ po símẹ́ǹtì, ó dí kànga, ó dí ṣáláńgá náà. Títí tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ̀rọ omi fún wọn, ìsun Ìyá Sálámọ̀ ni gbogbo ìlú ń lọ, àwọn ìyàwó Baba Alága pẹ̀lú. Arúgbó náà máa ń dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá: ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ kí i kò ní kọjá, ẹni tí garawa rẹ̀ bá dọ̀tí á padà sílé. N kò rí òṣìṣẹ́ ìlera tó le tó o rí. Ohun kan ṣoṣo tó ń bí mi nínú ni pé bí mo bá ń kọ́ ìlú lẹ́kọ̀ọ́ nípa omi sísè, á dìde lẹ́yìn, á ní, "Ìjà ló gba ulé mi là. Ẹ máa jà."

Ọdún tó kù sáré. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, a ṣì ń se àwọn abẹ́rẹ́ kan nínú ìkòkò bí ẹni ń se ẹyin. Nígbà tó yá, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù ló kù. Fíríìjì onípánẹ́ẹ̀lì oòrùn gba ipò ti kẹrosíìnì, imú wa sinmi. Fóònù dé, ó wá ku ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà. Orí àpáta kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni mo ti máa ń ka iye aláìsàn fún ọ́fíìsì, mo sì ní láti pariwo. Gbogbo abúlé ń gbọ́ ẹni tó ń yàgbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn èèyàn gba nọ́ńbà mi. Ọkùnrin kan pè mí nígbà tí mo wà nínú ìsìn, ó ń ṣàpèjúwe ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀ fún mi, àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ki tó, mo sì ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ẹni tó jókòó tì mí rò pé ìwàásù ló wọ̀ mí lára.

Mátíròn ti sùn. Ẹni tó tẹ́ ẹ sínú pósí sọ fún mi pé aṣọ funfun náà ni wọ́n wọ̀ fún un, wọ́n sì fi sítáàṣì sí i.

Ní oṣù tó kọjá, mo wọ takisí láti Ìkọ̀lé bọ̀ wá sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó tì mí, ó ga, ara rẹ̀ ń dán. Òun àti awakọ̀ ń sọ̀rọ̀ ìjọba, ó ní, "Ẹ wo àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ń wá sí abúlé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n á da àwọn ìyá wa láàmú, ẹ fọwọ́, ẹ se omi, ẹ gbé ọmọ wá. Ní abúlé wa, kò sí ẹni tó ṣàìsàn. Èmi gan-an, n kò tíì sùn sí ilé ìwòsàn rí láyé mi. Kí ni wọ́n wá ṣe?"

Awakọ̀ ní òtítọ́ ni. Mo wo apá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Àpá kékeré roboto kan wà lókè rẹ̀, níbi tí a ti máa ń gún abẹ́rẹ́ fún ọmọ ọwọ́.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àbí irọ́ ni mo pa, Màmá?"

Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Ìgbà tí wọn kò rí iṣẹ́ ṣe ni."

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ọyẹ́. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè rìn dáadáa títí mo fi délé.